Ǹjẹ́ pròtéènì tí a bá rí lára eku lè jẹ́ kí a tètè dá àrùn Parkinson mọ̀ lára ènìyàn?

Adéṣọlá (akẹ́kọ̀ọ́ bayokẹ́mísírì)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, mo kí yín o. Mo ń kàwé lọ́wọ́ fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì, àrùn Parkinson ni mo sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Bàbá mi àgbà ni ó fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń sọ pé òórùn irú nínú ọbẹ̀ kò dé imú àwọn mọ́, tí ìgbẹ́ ń le mọ́ wọn nínú, tí wọ́n sì máa ń jágbe, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun bí ẹni tí ó ń bá olè jà, débi pé ìyá mi àgbà ní láti kó lọ sí yàrá kejì. Ọjọ́ ogbó ni gbogbo wa pè é. Ìgbà tí tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí wọn láyà ni a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì sọ fún wa pé àrùn náà ti ń jẹ ọpọlọ wọn lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí mo ń wá ni àmì tí a lè rí nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ife tíì. Ètò tí mo ṣe ni pé kí n fún ogún eku ńlá ní abẹ́rẹ́ májèlé kan tí ń jẹ́ rotenone lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ogún mìíràn gba òróró lásán, kí n pa gbogbo wọn ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí n yọ ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ wọn, kí n sì yẹ àwọn pròtéènì inú wọn wò, ìyẹn àwọn ohun amúaradàgbà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, láti mọ èyí tí ó pọ̀ sí i àti èyí tí ó dín kù. Ẹni tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí mo bá rí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n yẹn ṣì lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ àrùn? Ǹjẹ́ eku tí ó jẹ májèlé jọ ènìyàn tí àrùn yìí mú láìjẹ nǹkankan? Bákan náà, kò sí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ka pròtéènì ní ọ̀dọ̀ wa. Kí ni ẹni tí ó wà ní ipò mi lè ṣe tí yóò ní láárí?

Àlàbí (yàrá ìwádìí pròtéènì, Jámánì)

Adéṣọlá, àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìtọ́jú bàbá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ tí ó ń wọn ìwúwo èérún pròtéènì, èyí tí wọ́n ń pè ní mass spectrometer, èmi yóò sì dáhùn láti ibi tí ọwọ́ mi dé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí eku fi wúlò, nítorí pé ibẹ̀ ni ètò rẹ ti yẹ ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí àrùn Parkinson bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn kan. Nígbà tí gbígbọ̀n bá fi ara hàn, nǹkan bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ní apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní substantia nigra ti lè kú, dopamine tí ó sì kù ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ti kéré ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n lára eku, àwa fúnra wa ni a dá àìsàn náà sílẹ̀, a sì mọ ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn ni ọrọ̀ tí eku ní tí ènìyàn kò ní. Bí o bá wá fi eku sílẹ̀ títí ó fi ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí o tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, o ti sọ ọrọ̀ náà nù. Ipò tí bàbá àgbà rẹ wà nígbà tí tíì ń dà sí wọn láyà ni o bá eku náà. Pròtéènì tí o bá rí nígbà náà yóò sọ fún ọ pé sẹ́ẹ̀lì ti kú. Ìwọ sì fẹ́ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì fẹ́ kú.

Nítorí náà, má ṣe pa gbogbo wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára eku kọ̀ọ̀kan kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, tún gbà á ní ọjọ́ keje, ní ọjọ́ kẹrìnlá àti ní ọjọ́ kọkànlélógún, kí o sì máa fi eku wé ara rẹ̀ ti àná dípò kí o kàn fi wé eku ẹlòmíràn. Eku ńlá tí ó bá wọn 250 giramu ní nǹkan bí milílítà 16 ẹ̀jẹ̀ lára, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń tẹ̀lé sì ni pé ohun tí a óò gbà láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Bí o bá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílílítà kan nígbà kọ̀ọ̀kan, o kò ní kọjá ààlà. Ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá, pa mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o lè mọ bí ọpọlọ ti rí ní àkókò tí o gba ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Ní ti májèlé, ìtàn rẹ̀ gùn. Ní ọdún 1982, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, àwọn ọ̀dọ́ kan gún ayédèrú hẹróìnì sí ara, wọ́n sì gan pa bí arúgbó tí àrùn Parkinson ti mú fún ogún ọdún. Dókítà William Langston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kẹ́míkà kan nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ MPTP, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń lò ó fún ọ̀bọ àti eku kékeré; eku ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Rotenone tìrẹ, inú gbòǹgbò àwọn ewéko kan tí àwọn apẹja ìgbà àtijọ́ máa ń gún sínú odò kí ẹja lè léfòó ni ó ti ń wá, ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ olùwádìí Timothy Greenamyre sì fi hàn pé bí a bá ń fún eku ńlá díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì dopamine rẹ̀ yóò máa kú, àwọn ìdìpọ̀ pròtéènì yóò sì hù nínú èyí tí ó kù. Ó dára, ṣùgbọ́n gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ni rotenone ń dí lọ́nà agbára. Ẹ̀dọ̀ ń jìyà, inú ń jìyà, eku a máa rù. Ìdajì ohun tí o bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ igbe ẹ̀dọ̀, kí ìwọ máa rò pé ọpọlọ ni ó ké. Mo rọ̀ ọ́ kí o ṣe ẹgbẹ́ kẹta tí kò ní gba rotenone rárá, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ tí o ń fún wọn lójúmọ́ kò ní ju ohun tí àwọn ti rotenone jẹ lọ, kí wọ́n lè rù bíi tiwọn. Pròtéènì tí ó bá yí padà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ebi ni ó yí i padà.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju májèlé lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n owó. Láti ọdún 1997 ni a ti mọ̀ pé alpha-synuclein, pròtéènì kékeré tí ó ní ègé 140, ni ó ń dì jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Òun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí wọ́n ń pè ní Lewy body. Ní ọdún 2012, Kelvin Luk, Virginia Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Pennsylvania mú alpha-synuclein tí wọ́n ti mú dì ní yàrá ìwádìí, wọ́n fi díẹ̀ sí ọpọlọ eku kékeré tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, èyí tí ó dì náà sì ń kọ́ èyí tí kò dì ní ìwà, ó ń lọ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì. Láàárín 30 ọjọ́ wọ́n ti rí kókó nínú ọpọlọ. Nígbà tí ó fi máa di 180 ọjọ́, sẹ́ẹ̀lì dopamine ti ń kú, agbára ìrìn eku sì ti dín kù. Ìwọ wo àlàfo tí ó wà láàárín 30 sí 180 yẹn. Eku ń rìn, ó ń jẹun, kò sí ẹni tí ó lè wò ó kí ó sọ pé nǹkan ṣe é, bẹ́ẹ̀ àrùn ti wà nílé. Oko tí ó yẹ kí a ro ni ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Nǹkan bí ìdajì pròtéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ni albumin, àwọn pròtéènì bíi méjìlélógún tí ó pọ̀ jù sì kó ìdá 99 nínú 100 gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó bá jò wá láti ọpọlọ wà nínú ìdá kan tí ó kù, bí abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sínú àká àgbàdo. Èkejì, bí a bá ya ti ọpọlọ àti ẹran ara yòókù sọ́tọ̀, ohun tí ó lé ní ìdá 99 nínú 100 alpha-synuclein tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí ọwọ́ rẹ bá le nígbà tí o ń fa ẹ̀jẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì pupa fọ́, tí omi ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó pọ́n bí oyin fẹ́ẹ́rẹ́ wá di àwọ̀ omi sobo, alpha-synuclein yóò fò sókè, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àrùn kankan. Gbé ìgò kékeré náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí o wò ó kí o tó tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó bá ti pupa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pupa, kí o sì yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò. Ẹ̀rọ wa lè ka pròtéènì 3,000 nínú ègé ọpọlọ kan: a ó fi ẹ́ńsáímù trypsin gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rọ yóò wọn ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ irú pròtéènì tí ó ti wá. Bí o bá ní èyíkéyìí tí ó bá kọjá ààlà ìdá 5 nínú 100, ìyẹn àyè tí a fi sílẹ̀ fún èèṣì, jẹ́ òótọ́, nǹkan bí 150 nínú wọn yóò kọjá ààlà náà lásán, bí eku méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan tí nǹkankan kò ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ń kéde àmì tuntun ni kò dúró nígbà tí ẹlòmíràn tún un ṣe, ìṣirò yìí sì wà lára ohun tí ó fà á.

Dókítà Àbẹ̀kẹ́ (oníṣègùn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí. Adéṣọlá, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, nítorí pé àmì tí kò bá dé ibẹ̀ kò tíì di àmì.

Àwọn nǹkan mẹ́ta tí bàbá àgbà yín ní, àìgbóòórùn, ìgbẹ́ líle àti jíjà lójú oorun, kì í ṣe àkójọpọ̀ lásán. Ní ọdún 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi ọpọlọ àwọn òkú hàn pé alpha-synuclein tí ó dì sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn ní ibi tí ọpọlọ fi ń gba òórùn àti ní orísun iṣan tí ó ń darí ìfun, kí ó tó gòkè dé ibi tí dopamine wà. Imú àti ìfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àrùn yìí fún yín, a kò kàn ní ohun tí a lè fi gbọ́ èdè wọn nígbà náà.

Ní báyìí, ohun tí ó súnmọ́ ìdáhùn jù lọ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe: wọ́n á da alpha-synuclein tí ó mọ́ lé omi aláìsàn náà, wọ́n á máa mì ín, bí irúgbìn èyí tí ó dì bá wà níbẹ̀, yóò mú èyí tí ó mọ́ dì, ìmọ́lẹ̀ yóò sì hàn nínú ẹ̀rọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 lára àwọn olùkópa 1,123 ti PPMI, ètò ìwádìí ńlá kan lórí àrùn Parkinson, àyẹ̀wò yìí mú ìdá 87.7 nínú 100 àwọn tí ó ní àrùn Parkinson, ó sì dá ìdá 96.3 nínú 100 àwọn tí ara wọn le láre. Ó tilẹ̀ mú àwọn kan tí kò tíì máa gbọ̀n. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlànà kan náà ni èyí àti eku ọdún 2012 tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí sọ: èyí tí ó dì ń mú èyí tí kò dì dì. Ìyàtọ̀ ni pé inú ìgò ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín dípò inú orí eku.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni. Mo ti bẹ ìdílé púpọ̀ kí wọ́n gbà kí a gún bàbá tàbí ìyá wọn lẹ́yìn, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n gbà, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni a ń fẹ́. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ olùwádìí kan láti Lọ́ńdọ̀nù àti Göttingen lo mass spectrometer láti yan pròtéènì 8 nínú omi ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì wò ó lára àwọn tí ń jà lójú oorun gẹ́gẹ́ bíi bàbá yín. Ó ṣeé ṣe fún wọn láti tọ́ka sí àrùn náà nígbà mìíràn títí dé ọdún 7 kí gbígbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ yẹn jẹ mọ́ ìgbóná ara láti inú wá, tí wọ́n ń pè ní inflammation, àti ìdààmú sẹ́ẹ̀lì tí kò rí pròtéènì rẹ̀ ká dáadáa, bíi complement C3 àti BiP. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó jẹ́ ti Parkinson nìkan. Àpapọ̀ wọn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe wá pròtéènì kan ṣoṣo tí yóò dá ru gbogbo ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa gan-an, òun ni ó sì mú mi kọ̀wé. Jíìnì LRRK2 ni wọ́n ti fi ṣe ọ̀pọ̀ eku fún ìwádìí àrùn yìí, nítorí pé ìyípadà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G2019S wọ́pọ̀ láàárín àwọn Júù Ashkenazi àti àwọn ará Àríwá Áfíríkà. Wọ́n wá a lára àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà, wọn kò rí i. Ní ọdún 2023, ìwádìí ńlá tí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà wà ní iwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà fi hàn pé ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1, tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn tí ó ṣẹ̀ láti Áfíríkà tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn òyìnbó, ń mú kí ewu àrùn yìí pọ̀ sí i: nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ fún ẹni tí ó jogún ẹyọ kan, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ fún ẹni tí ó jogún méjì. Jíìnì yìí ni ó ń ṣe ẹ́ńsáímù glucocerebrosidase, tí ń fọ́ ọ̀rá kan nínú àpò ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ́ńsáímù náà bá dín kù, ìdọ̀tí ń kún, alpha-synuclein sì ń rí àyè dì.

Adéṣọlá, ẹ rí i pé ilẹ̀kùn ṣí síbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńsáímù yìí kò nílò mass spectrometer. Ẹ lè fi èròjà kan tí ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù bí ẹ́ńsáímù bá ti gé e wọn iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń wọn irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà ní yunifásítì púpọ̀ nílé. Kẹ́míkà kan wà tí ń jẹ́ conduritol B epoxide tí ń dí ẹ́ńsáímù náà lọ́wọ́ lára eku. Eku tí ẹ bá fún ní èyí súnmọ́ àrùn àwọn ènìyàn wa ju eku LRRK2 lọ, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí a jogún.

Lájídé (olùtọ́jú ilé ẹranko ìwádìí)

Mo kí gbogbo yín. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé pròtéènì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni àwọn eku ń wà, mo sì ti rí i kí iṣẹ́ ọdún méjì bàjẹ́ nítorí ohun kékeré.

Ṣáájú kí eku tó ṣubú, imú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ fi ebi pa á mọ́jú, ẹ ri ẹ̀pà kan sábẹ́ ẹ̀ẹ́rún pákó tí ó wà nílẹ̀ àgò, kí ẹ sì di aago mú. Eku tí ara rẹ̀ dá yóò na imú sókè, yóò gbọn irun imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, yóò sì lọ tààrà síbi tí ẹ̀pà wà. Èyí tí imú rẹ̀ ti kú yóò máa rìn kiri etí àgò, yóò kọjá lórí ẹ̀pà náà, yóò tún padà kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀pà mìíràn sí gbangba. Bí ó bá sáré jẹ ẹ́, ẹ mọ̀ pé ebi ń pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le, imú nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè gbé e sínú àgò mímọ́ fún wákàtí kan kí ẹ ka ìgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí imú tàbí ìfun bá kọ́kọ́ yí padà, tí ẹsẹ̀ ṣì le, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba rotenone jẹ́, nítorí náà inú ìgò dúdú ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ máa wọn eku lójoojúmọ́. Èyí tí ó bá ti pàdánù ìdá 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ti ń jìyà jù, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ pé iye. Ẹ kọ èyí sínú ìwé tí ẹ óò gbé lọ bá ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹranko.

Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti wà rí, iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, dísù sì tán nínú ẹ̀rọ amúnáwá. Nígbà tí a fi dé ní ọjọ́ Ajé, iná ti padà, fírísà tútù nini, gbogbo ìgò dì gbagidi, kò sí ẹni tí ó fura. Àbájáde wọn kò bá ara wọn mu rárá, oṣù mẹ́ta ni a sì fi wá ìdí rẹ̀ kí ẹnì kan tó rántí òru ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ife omi kan tí ó dì máa ń wà nínú gbogbo fírísà tí ó wà ní ọwọ́ mi, owó kọ́ìnì kan a sì wà lórí yìnyín náà. Bí mo bá dé tí mo bá kọ́ìnì nísàlẹ̀ ife, mo mọ̀ pé yìnyín ti yọ́ ó sì tún dì, ìgò inú rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Adéṣọlá

Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, Dókítà, Ọ̀gbẹ́ni Lájídé, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ohun kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú pròtéènì eku tí ó sì dé ara ènìyàn ní tòótọ́? Àwọn kan ní ẹ̀ka wa ń sọ pé eku kò jọ ènìyàn, pé owó ni a ń fi ṣòfò.

Àlàbí

Àbúrò mi, ó wà. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ Matthias Mann ní ilé ìwádìí Max Planck lẹ́bàá Munich àti ẹgbẹ́ Dario Alessi ní Dundee mú sẹ́ẹ̀lì láti ara àwọn eku tí wọ́n ti yí jíìnì LRRK2 wọn padà, wọ́n fi mass spectrometer ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi tí fọ́sífétì ti lẹ̀ mọ́ pròtéènì, wọ́n sì ń wá èyí tí ó ń gòkè bí LRRK2 bá gbóná, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí a bá dí i lọ́wọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn pròtéènì ìdílé Rab ni ó ṣẹ́kù. Ìkan nínú wọn, Rab10, ni wọ́n wá ń wọn nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lónìí láti mọ̀ bí oògùn tí ń dí LRRK2 ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ó dúró ni pé wọn kò fi eku aláìsàn wé eku aláàfíà nìkan. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn kan náà síwá sẹ́yìn, pròtéènì náà sì ń tẹ̀ lé e. Bí o bá lo ọ̀nà tí Dókítà Àbẹ̀kẹ́ sọ, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: dí glucocerebrosidase lọ́wọ́, wo ohun tí ó gòkè, dáwọ́ kẹ́míkà dúró, kí o sì wò bóyá yóò sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀ka yín kò parọ́, eku yàtọ̀ sí ènìyàn. Ìyípadà A53T tí ó ń fa àrùn yìí nínú àwọn ìdílé kan ní Ítálì àti Gíríìsì, ègé kan náà gẹ́lẹ́ ni ó wà ní ipò 53 nínú alpha-synuclein gbogbo eku láti inú oyún wá, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkankan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a parí iṣẹ́ lórí eku. Lo eku láti mọ àkókò àti okùnfà, lẹ́yìn náà kí o mú ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó bá dúró, kí o lọ wò wọ́n lára ènìyàn. Àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí mass spectrometer wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àká PRIDE lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti eku àti ti ènìyàn. Kọ̀ǹpútà àti sùúrù ni o nílò. Bí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ bá mọ́, tí ó dì dáadáa, tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ sì pé, kì í ṣòro láti rí yàrá ìwádìí tí yóò bá ọ ka ogún ìgò. Èmi fúnra mi yóò bá ọ̀gá wa sọ ọ́.

Adéṣọlá

Mo ti tún ètò náà kọ, ẹni tí ó ń bójú tó mi sì ti gbà á. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni yóò jẹ́ báyìí, eku mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn tí yóò gba rotenone, àwọn tí yóò gba conduritol, àwọn tí yóò jẹ ìwọ̀n oúnjẹ tí àwọn ti rotenone bá jẹ, àti àwọn tí yóò gba òróró nìkan. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa dán imú wọn wò. A ó wọn glucocerebrosidase níhìn-ín, a ó sì tọ́jú omi ẹ̀jẹ̀ yòókù fún ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ife omi àti náírà kọ́ìnì kan sínú fírísà lánàá. Bí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ẹranko bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ajé ni n ó gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ lára gbogbo wọn, kí abẹ́rẹ́ kankan tó kàn wọ́n.